Àwọn Arúgbó Tí Ẹ Pàtẹ́wọ́ Fún

Mi ò lè wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ́ kí ẹnì kan má nawọ́ sí mi. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ìyá tó ń gbé gìrìpá ṣánlẹ̀!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á ní ká jọ ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ń bí mi nínú á wá tẹ̀ lé e: "Màmá, ìgbà wo ni apá kejì máa jáde? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Bàbá Ògiri kí wọ́n tún fò fún wa!"

Kí Ògiri tún fò. Ẹni tí kò lè dá yí ara rẹ̀ padà lórí ibùsùn.

Lóṣù tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi láti Ìjagun. Eré ṣíṣe ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì ibẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó wọ̀ọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ìjà inú fíìmù ṣeé fi jẹun. Ọmọbìnrin tínrín kan láàárín wọn sọ pé fíìmù àwa arúgbó ló mú kóun fẹ́ràn iṣẹ́ náà, pé ibi tí Ògiri ti fò ló wọ òun lọ́kàn jù. Inú bí mi. Mo ní kí wọ́n máa lọ, pé màá kọ ìdáhùn mi sílẹ̀. Òun nìyí. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ń dáko ẹ̀gẹ́, màmá mi ń pàtẹ iyọ̀ àti ìṣáná síwájú ilé. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá, tíṣà ni wọ́n sì fẹ́ kí n dà. Àwọn eléré kan ló wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé ìwé wa nígbà tí mo fẹ́ jáde ìwé. Mo rí obìnrin kan tó di idà onígi mú, tó ń lé ọkùnrin mẹ́ta kiri orí ìtàgé, mo sì mọ̀ pé mi ò ní kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD láyé mi. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kò gba ìtàn, owó tí wọ́n ń san kò sì yẹ lóhun tí à ń dárúkọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó yẹ kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Ọ̀gá. Bàbá Ṣówùnmí lorúkọ wọn. Àwọn ló ń kọ́ wa ní ìjà nínú ẹgbẹ́ eré náà. Télọ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó di eléré, wọn ò sì fi iṣẹ́ télọ̀ sílẹ̀ rí. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn wọn. Lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n wọn apá mi, wọ́n wọn ẹsẹ̀ mi, mo rò pé aṣọ ni wọ́n fẹ́ rán fún mi. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀ṣẹ́ rẹ lè dé. Ibi tí kò lè dé ni màá fi ojú ẹni tí ò ń bá jà sí."

Fún odidi ọdún kan, mi ò gbá ẹnikẹ́ni lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Ṣíṣubú ni mò ń kọ́. Ẹ̀yìnkùlé ilé eré wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ni a to àpò sí, àpò tí a ki ìyẹ̀fun igi láti sọ́mìlì sí. Àá ṣubú sẹ́yìn, àá ṣubú síwájú, àá ṣubú bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún, bí ẹni tí ọtí pa. Bí ara rẹ bá ró gbì, rúlà onígi tí Ọ̀gá fi ń gé aṣọ á ti bá ọ ní kókósẹ̀. "Tún ṣubú! Àpò ìrẹsì ló ń ró gbì, èèyàn kọ́!" Bí mo bá ń sunkún, wọ́n á ní, "Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń lu èèyàn kún ìgboro. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni mò ń wá."

Òfin kan wà tí wọ́n fi kọ́ wa lọ́rùn. Wọ́n ní ẹni tó máa ṣubú ló ni ìjà. Òun ló máa mi orí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá mi orí, ìjà kò sí, kò sí ẹni tó lè pa á láṣẹ, ì báà ṣe ẹni tó ni ẹgbẹ́ eré.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Múfútáù. Ọjọ́ kan náà ni a dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, ẹgbẹ́ sì ni wá. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni, ó ga, ó fẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ á bà á, kò ní mì. Òun ni àwọn èrò ìwòran sọ ní Ògiri. Èmi Bísí tí mo rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ ni wọ́n sọ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìjà tí wọ́n mọ̀ wá mọ́ jù ni èyí tí mo ti máa ń fi ìbàdí gbé e, tí màá fi í ṣánlẹ̀, tí gbogbo gbọ̀ngàn á sì dìde. Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí rẹ̀ fún yín: òun ló ń gbé ara rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ṣubú ni gbogbo rẹ̀. Èmi kàn ń fọwọ́ kàn án ni, òun ló ń sọ mí di akọni. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò ó síbòmíràn. Mo ní ọkọ tèmi, ó ní ìyàwó tirẹ̀. Ọmọ ìyá ni iṣẹ́ náà sọ wá dà.

Lọ́jọ́ kan, a ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú kan lọ́nà Ondo. Ògiri gun orí pèpéle gíga tó yẹ kó ti fò. Ó wo ìsàlẹ̀, kò mi orí. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ wa ń kígbe láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé pé, "Fò! Kí lò ń wò?" Ọ̀gá rìn wọ orí ìtàgé láàárín eré, tàwọn ti téèpù lọ́rùn, wọ́n na ọwọ́ sí Ògiri, wọ́n sì mú un sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni mú ọmọ kékeré kọjá títì. Àwọn èrò hó lé wọn lórí. Nígbà tí a wọlé, ẹni tó ni ẹgbẹ́ ní òun máa lé wọn. Ọ̀gá ń ká téèpù wọn. Wọ́n ní, "Ẹ lé mi. Mo mọ aṣọ rán."

Wọn ò lé wọn.

Nígbà tó yá, kámẹ́rà dé. Fíìmù ìgbà yẹn wọ́n bí ojú, ẹni tó bá fi ṣòfò, ó gbé. Nítorí náà, kí wọ́n tó yí kámẹ́rà sí wa, a ti máa ṣe ìjà náà títí a ó fi lè ṣe é lójú oorun. Mo fẹ́ràn ìgbà yẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fídíò dé, téèpù sì di ọ̀pọ̀. "Ẹ tún un ṣe! Ẹ tún un ṣe!" Ẹnu wọn ò yé é sọ ọ́. Kò sí ìdánrawò mọ́, nítorí kò sí ohun tó máa ṣòfò. Bí téèpù ṣe di ọ̀pọ̀ ni ara wa náà di ọ̀pọ̀. Ìgbà yẹn ni èjìká mi yẹ̀, tí eékún Ògiri lọ́. Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá dé, tí wọ́n ń fi ya iná, tí wọ́n ń fi ya ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní àwọn ò nílò ẹni tó mọ ìṣubú. Ọ̀gá ti kú kí wọ́n tó rí ìyẹn. Mo kó ẹrù mi, mo padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, mo gbé nítòsí ọmọ mi, Fọlákẹ́, tó ń ṣe tíṣà. Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà tí wọ́n ń wá nílé wa ṣe wọlé níkẹyìn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan ni mo bá Fọlákẹ́ àti ọkọ rẹ̀ nídìí tẹlifíṣàn, tí wọ́n ń wo fíìmù ìlú òkèèrè kan. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ oníjà ayé ọjọ́un ni wọ́n kó jọ sínú rẹ̀, olórí funfun, olójú híhunjọ. Ìtàn náà kò lórí, kò nídìí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń pariwo bí ẹni tí wọ́n fún ní ilé.

"Kí ló dùn níbẹ̀?" mo bi í.

"Màmá, ẹ ò rí i ni? Èyí tó wọ dúdú yẹn, Dádì ló máa ń yá kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá fún wa. Onírùngbọ̀n yìí, òun ni a máa ń sín jẹ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí ẹ ó fi nà wá. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láyé. Wọ́n wà, wọ́n sì jọ wà! Ó dà bíi pé wọ́n ṣí ilé wa àtijọ́, mo sì bá gbogbo èèyàn níbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Èmi o, ibi tí èyí àgbà jù ń gun àtẹ̀gùn tó di ẹ̀gbẹ́ mú yẹn ni tèmi. Bàbá mi gan-an nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí wọ́n lọ ń wò nìyẹn. Wọn ò wá wo agbára, agbára pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n wá wo ẹni tí ọjọ́ orí ti bá jà tí kò tíì gbé e ṣánlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àgbà kan ṣoṣo, bàbá ni ìwọ ń wò. Bí wọ́n bá pọ̀, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, tí ọ̀kan ń dúró de èkejì nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ìlú rẹ ni ò ń wò, ìlú tí o rò pé ó ti tú. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ohun rere ni. Èyí ló sì jẹ́ kí inú bí mi sí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí àwọn tó ń ta nǹkan náà kò mọ ohun tí wọ́n ń tà.

Káyọ̀dé ni ọmọkùnrin tó gbé fíìmù tiwa jáde. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé Èkó ni, òun ni olóòtú, òun náà ló sì ń darí eré. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ìyẹ̀wù mi. "Ìyá, gbogbo ẹ̀yin àgbà ni mo fẹ́ kó jọ. Ẹ̀yin, Bàbá Ògiri, gbogbo yín. Kẹ́ ẹ jọ gba abúlé kan lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú. Àwọn èèyàn á ya ilẹ̀kùn ilé sinimá." Mi ò ní purọ́, orí mi wú.

Ilé alájà kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ní ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni a lò. Ọ̀sẹ̀ tí a kọ́kọ́ lò níbẹ̀, mi ò rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ látìgbà tí ọkọ mi ti kú. A jókòó lábẹ́ igi, a ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wéra bí ọmọdé tó ń fi ọkọ̀ páálí wéra. Àwọn òṣèré tó kéré ń jókòó tì wá. Ògiri ti di Àlàájì, ó ti hewú, ó ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń rìn, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó, ọba ni.

Èmi ni wọ́n ní kí n to ìjà náà. Mo ní kí Ògiri jókòó sórí àtẹ̀gùn. Àwọn jàǹdùkú á já wọlé pẹ̀lú àdá. Kò ní dìde. Á ṣí fìlà rẹ̀, á ká a, á fi sápò, á wá wò wọ́n. Olórí wọn á wo ojú yẹn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn. Ó tán. Nígbà tí a dán an wò, àwọn tó ń gbé iná gbé e sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Káyọ̀dé fa ètè. "Ó dáa, Ìyá. Ṣùgbọ́n kò tó. Fífò ni àwọn èèyàn mọ Bàbá Ògiri sí. Kí wọ́n fò láti òkè ilé yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Káyọ̀dé, bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Mà."

"Ṣé wọ́n ti dàgbà?"

"Wọ́n ti dàgbà, Mà."

"Ṣé wàá ní kí wọ́n fò láti òkè yẹn?"

Ó ní òun ti gbọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ rí dókítà ojú ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí mo padà dé ní ọ̀sán, mo rí èrò rẹpẹtẹ níwájú ilé náà, àwọn ará abúlé, fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn. Obìnrin tó ń kun ojú fún wa sáré pàdé mi, ó ń sunkún. Ó ní Káyọ̀dé sọ fún Ògiri pé kó kàn gun òkè, kí àwọn yà á níbẹ̀, pé kò ní fò. Kò ní fò, ṣùgbọ́n wọ́n ti to páálí àti fóòmù sísàlẹ̀. Ta ni wọ́n to fóòmù dè? Ó gun òkè. Àwọn èrò rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè é: "Ògiri! Ògiri!" Kò sí ẹni tó rìn wọ àárín wọn láti nawọ́ sí i. Ó fò. Ìdajì ara rẹ̀ bọ́ sórí fóòmù, ìbàdí rẹ̀ bọ́ sórí búlọ́ọ̀kù.

Mo bá a lórí iyanrìn. Ojú rẹ̀ là. "Bísí," ó ní, "má bínú." Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó kámẹ́rà ni wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù. Egungun ìbàdí ti kán, ọ̀pá ẹ̀yìn ti fara pa. Dókítà sọ fún ọmọbìnrin rẹ̀ pé kó dúpẹ́ pé ẹ̀mí ṣì wà.

Ẹ gbọ́ èyí: wọ́n fi sínú fíìmù. Ìṣubú yẹn gan-an. Nígbà tí mo gbọ́, mo wọkọ̀ lọ bá Káyọ̀dé ní Èkó. Mo ní kó gé e kúrò.

"Ìyá, ẹ má bínú. Bàbá fúnra wọn ló ní ká fi síbẹ̀."

Mo pe é ní òpùrọ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá Ògiri lórí ibùsùn rẹ̀ nílé ọmọ rẹ̀, kó lè gbè mí lẹ́sẹ̀.

"Òótọ́ ló sọ," Ògiri ní. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Fífò tí mo fò kẹ́yìn nìyẹn, Bísí. Ṣé kí wọ́n jù ú nù ni?"

"Kí ló gbé ẹ débẹ̀? Ta ló fi ìbọn sí ẹ lọ́rùn?"

Ó wo àjà ilé. "Wọ́n pè mí. O gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè mí? Ládùúgbò yìí, bàbá ẹlẹ́sẹ̀ dídùn ni mo jẹ́. Ọjọ́ yẹn, Ògiri ni mo jẹ́."

Mo bínú sí i ju bí mo ṣe bínú sí Káyọ̀dé lọ. Mo sọ̀rọ̀ burúkú sí i níṣojú ọmọ rẹ̀, mo sì jáde láì dágbére.

Fọlákẹ́ ló fà mí lọ síbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn. Ilé sinimá kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìdílé ni wọ́n ń wá, bàbá, ìyá, ọmọ. Nígbà tó kan ibi tí Ògiri ti ṣí fìlà, gbogbo èrò na ọrùn síwájú. Nígbà tí jàǹdùkú yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, ariwo ayọ̀ tó sọ, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú gbogbo iṣẹ́ ayé mi. Bàbá àgbà kan níwájú mi ń nu ojú. Ẹ ò rí i? Ó tó! Ìyẹn nìkan ti tó!

Lẹ́yìn náà ni Ògiri gun òkè. Ó fò. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo kígbe pé, "Ẹ má pàtẹ́wọ́! Egungun rẹ̀ ló kán yẹn! Ẹ dákẹ́!" Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹnì kan dá mi mọ̀. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìyẹn! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà ńbí!" Wọ́n rò pé ìpolówó ni. Wọ́n dìde fún mi, wọ́n tan iná fóònù wọn sí mi lójú, wọ́n ń pe orúkọ mi. Bí mo ṣe ń pariwo ni wọ́n ń hó. Fọlákẹ́ ló dì mí mú jáde.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjagun, ìyẹn ni iṣẹ́ náà. Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Èmi ò lè rí iṣẹ́ míràn ṣe bí wọ́n bá tún mi bí. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fífò yẹn ṣe ìdí tẹ́ ẹ fi wá, kẹ́ ẹ sì má bẹ̀ mí pé kí n fi kọ́ yín.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, mo pa ìbínú tì, mo padà lọ sọ́dọ̀ Ògiri. Ó ń wo ibi tó ti fò yẹn lórí fóònù ọmọ rẹ̀. Àwọn èèyàn ti kọ ìyìn síbẹ̀ lọ jàra, ọmọ rẹ̀ sì ń kà á fún un.

"Bísí," ó ní, "gbogbo ayé ló ti sọ tẹnu wọn. Ìwọ nìkan ni ò sọ nǹkan kan. Ṣé mo ṣubú dáadáa?"

Mo gba fóònù. Mo wò ó dópin, mo tún un wò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá fi ojú iṣẹ́ wò ó nìyẹn.

"Rárá," mo ní. "Ó burú. Èrò lò ń wò, o ò wo ilẹ̀. O ti mí èémí rẹ tán kó o tó gbéra. Èjìká rẹ ò ká wọlé. Ọmọ tó wọṣẹ́ lánàá ò jẹ́ ṣubú bẹ́ẹ̀."

Ọmọ rẹ̀ wò mí bí ẹni pé mo gbá bàbá rẹ̀ létí. Ògiri bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mi ò tíì kan ilẹ̀ tí mo ti mọ̀."